Àlọ ni ti Oníbàárà, Àbọ̀ ni ti Dẹ́rẹ́bà

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni, ní ìlú Munich lórílẹ̀-èdè Jámánì. Mercedes S-Class dúdú kan wà níwájú òtẹ́ẹ̀lì, iná inú rẹ̀ ń tàn fẹ́ẹ́rẹ́ bí àtùpà tí wọ́n yí wálẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ti ṣí bọ́ọ̀tì, ó ń fi àkísà tútù nu etí rẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni kóòtù èèyàn máa ń rá mọ́ bó bá ń gbé ẹrù sí i. Ìgò omi méjì wà láàárín ìjókòó ẹ̀yìn, ọ̀kan ní gáàsì, ọ̀kan kò ní. Wáyà fóònù oríṣi méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìjókòó iwájú tó wà lápá ọ̀tún dẹ́rẹ́bà ti sún síwájú títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dáṣíbọ́ọ̀dù, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni ọ̀gá máa jókòó sí, ọ̀gá sì gbọ́dọ̀ ríbi na ẹsẹ̀.

Zurich ni wọ́n ń lọ, lórílẹ̀-èdè Switzerland. Ó tó nǹkan bíi 310 kìlómítà. Aago mẹ́wàá ni ìpàdé oníbàárà, aago mẹ́fà ni wọ́n máa gbéra, wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ sì ni ọ̀nà máa gbà bí kò bá sí sún kẹrẹ fà kẹrẹ. Ààbọ̀ wákàtí tó ṣẹ́ kù kì í ṣe ti oníbàárà rárá, ti dẹ́rẹ́bà ni. Òun ló fi ra ìfọ̀kànbalẹ̀ ara rẹ̀.

Lójú ẹni tó ń kọjá lọ, iṣẹ́ yìí kò ju kéèyàn wọ kóòtù dúdú kó sì mọ ọkọ̀ wà lọ. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn á rí i pé ọkọ̀ wíwà gan-an ló rọrùn jù níbẹ̀. Ohun tó sọ owó rẹ̀ di gọbọi, tó lọ́ òfin rẹ̀ pọ̀, tó sì ń fi ẹ̀yìn ríro dá dẹ́rẹ́bà lọ́lá, oníbàárà kì í rí i. Ọ̀nà àbọ̀ ló wà, nígbà tí ìjókòó ẹ̀yìn bá ti ṣófo.

Ẹni tó bá mọ Yúróòpù á kọ́kọ́ béèrè pé, ṣé kò sí ọkọ̀ ojú irin ni? Ó wà, ó sì dára. Wọ́n ti fa iná mànàmáná sí gbogbo ojú irin náà tán ní ìparí ọdún 2020, bíi wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ ló sì ń gbà báyìí láti Munich dé Zurich, iye kan náà pẹ̀lú ọkọ̀ ilẹ̀. Bàálù kò tó wákàtí kan lókè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka iye ìgbà tí ẹni tó wọ bàálù máa dìde jókòó: takisí lọ sí pápákọ̀ òfuurufú tó wà lẹ́yìn odi ìlú, ìlà àyẹ̀wò, bẹ́líìtì yíyọ, ìlà àtiwọlé sínú bàálù, ẹrù dídúró dè, takisí mìíràn. Wákàtí mẹ́rin á ti gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ilá, kò sì sí ègé kan níbẹ̀ tó tó fi ka ìwé àdéhùn olójú ewé ọgọ́ta. Nínú ọkọ̀ ojú irin ẹ̀wẹ̀, èèyàn lè kàwé, àmọ́ kò lè bá lọ́yà rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù nípa ilé iṣẹ́ tó fẹ́ rà, kí àjèjì mẹ́ta má gbọ́ ọ.

Ohun tí wọ́n ń sanwó fún nìyẹn: wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ tí kò gé, nínú yàrá tó ń rìn. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ lóye rẹ̀, torí èmi náà ti gbà tẹ́lẹ̀ pé fàájì lásán ni. Àwọn tó ń lò ó jù ni àwọn agbẹjọ́rò tí ìwé ẹjọ́ wọn kún àpótí mẹ́rin, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó gbé àpẹẹrẹ irin kan dání tí wọn ò fẹ́ kí ó kọjá lọ́wọ́ alábàárù, àti àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ń tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn olùdókòwò láti ìlú dé ìlú: Frankfurt lónìí, Zurich lọ́la, Milan lọ́túùnla, ìpàdé márùn-ún mẹ́fà lóòjọ́. Àwọn ìlú kan sì wà tí irin kò ṣe dáadáa fún. Luxembourg ni Ilé Ẹjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù àti báńkì ìdókòwò rẹ̀ wà, Frankfurt ni báńkì àpapọ̀ rẹ̀ wà. Kò ju nǹkan bíi 240 kìlómítà lọ láàárín wọn, síbẹ̀ kò sí ojú irin ayára-bí-àṣá kan tó so wọ́n pọ̀ tààrà. Ọkọ̀ dúdú kì í wọ́n lójú ọ̀nà yẹn.

Àwọn mìíràn wà tí ọ̀ràn ló tì wọ́n sínú rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2010, òkè oníná Eyjafjallajökull ní Iceland tú eérú sójú ọ̀run, bàálù dúró káàkiri Yúróòpù fún ọjọ́ bíi mẹ́fà. John Cleese, ará Gẹ̀ẹ́sì tó gbajúmọ̀ nídìí eré apanilẹ́rìn-ín, há sí Oslo. Ó wọ takisí láti ibẹ̀ lọ sí Brussels, bíi 1,500 kìlómítà, ó sì san 30,000 owó kroner ilẹ̀ Norway. Gbogbo ayé fi owó náà ṣe ẹ̀fẹ̀. Ohun tó wù mí nínú ìtàn náà ni pé dẹ́rẹ́bà mẹ́ta ló wà nínú takisí yẹn, wọ́n ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí á mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, a ó sì padà débẹ̀.

Orúkọ tí wọ́n ń pe dẹ́rẹ́bà irú èyí káàkiri Yúróòpù ni chauffeur, èdè Faransé ni. Ẹni tó ń koná ló túmọ̀ sí. Nígbà tí ọkọ̀ ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí àwọn kan nínú wọn ń fi ooru omi gbígbóná rìn, iná ni ọmọọṣẹ́ máa kọ́kọ́ dá kí ọ̀gá tó lè jáde. Iná ti kú tipẹ́, orúkọ ò kú.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé wọn lọ. Ọ̀nà márosẹ̀ A96 ló gbé wọn jáde ní Munich, ó gba Landsberg, ó gba Memmingen, ó já sí Lindau létí adágún ńlá tí wọ́n ń pè ní Bodensee. Ọkọ̀ kékeré kì í sanwó ojú ọ̀nà ní Jámánì. Níbi tí kò bá sí àmì, òfin kò dá iye eré lé ẹnikẹ́ni lórí. Wọ́n kàn gbani nímọ̀ràn pé kéèyàn má kọjá 130 kìlómítà ní wákàtí kan. Àlejò máa ń rò pé dẹ́rẹ́bà á wá tẹ̀ ẹ́ dé 220. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ nígbà tó ti kọjá 130, wọ́n lè di lára ẹ̀bi náà rù ú, kódà bó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló kọ lù ú. Ìkejì sì nìyí: oníbàárà ń kọ̀wé lẹ́yìn. Ọkọ̀ tó ń sáré 140 láìyí padà dára fún gègé ju èyí tó ń sáré 200 tó tún ń tẹ bíréèkì lẹ́yìn tírélà kọ̀ọ̀kan. Dẹ́rẹ́bà á ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹná tipẹ́ kí tírélà náà tó yà, ọkọ̀ á rọra wálẹ̀ fúnra rẹ̀, orí ẹni tó jókòó sẹ́yìn kò ní mì. Ó ń wo iwájú dáadáa, ó sì ń fi etí kan gbọ́ ẹ̀yìn. Bó bá gbọ́ tí ìwé dákẹ́ tí èémí sì gùn, ó mọ̀ pé oorun ti gbé e, á dín ẹ̀rọ amúlétutù kù díẹ̀.

Kété lẹ́yìn Lindau ni ilẹ̀ Austria bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ sì wọ inú ihò abẹ́ òkè Pfänder, ihò tó gùn tó kìlómítà mẹ́fà àti díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà márosẹ̀ Austria gbọ́dọ̀ ra sítíkà ojú ọ̀nà. Àfi abala ọ̀nà kékeré yìí. Tẹ́lẹ̀, àwọn èèyàn tó fẹ́ gba ibẹ̀ fún kìlómítà díẹ̀ péré máa ń sá fún sítíkà, wọ́n á bọ́ sínú ìlú Bregenz, wọ́n á sì di ìlú pa. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá 2019 ni ìjọba ti yọ̀ǹda pé láti ẹnubodè Jámánì títí dé Hohenems, kí wọ́n máa kọjá lọ́fẹ̀ẹ́. Dẹ́rẹ́bà tí kò mọ èyí á ra ohun tí kò nílò. Èyí tó mọ̀ ọ́n àmọ́ tó gbàgbé yà ní Hohenems á rí lẹ́tà ìtanràn gbà.

Ibi tó ń dán dẹ́rẹ́bà wò kù sí iwájú. Tí ẹ bá wo máàpù, ẹ ó rí ọ̀nà márosẹ̀ Austria ní ìhà ìhín odò Rhine, ẹ ó rí ti Switzerland ní ìhà ọ̀hún, wọ́n jọ ń lọ ní ìtòsí ara wọn, wọn kò sì pàdé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti fi ń jiyàn ibi tí ọ̀nà tó máa so wọ́n pọ̀ yóò gbà. Nítorí náà, ọkọ̀ tó ń sáré tẹ́lẹ̀ á bọ́ sínú àdúgbò Lustenau tàbí Höchst, á tò sẹ́yìn ọkọ̀ tó ń kó búrẹ́dì, á dúró kí àwọn ọmọ iléèwé sọdá pẹ̀lú báàgì wọn lẹ́yìn. Aago mẹ́jọ ti ń lù. Ní wákàtí yìí, àwọn tírélà tó fẹ́ kọjá lọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù náà ti tò. Oníbàárà á gbé orí sókè fún ìgbà àkọ́kọ́, á wo fèrèsé, á wo aago ọwọ́ rẹ̀. Kò ní sọ̀rọ̀. Dẹ́rẹ́bà náà kò ní sọ̀rọ̀, àmọ́ láti Memmingen ló ti tẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan láago lórí ìrìn, ẹni tó ti kọjá ṣáájú rẹ̀, kó lè mọ afárá tó yá jù láàárọ̀ yẹn. Ààbọ̀ wákàtí ìfọ̀kànbalẹ̀ tó pa mọ́ ti ń jẹ tán níbí.

Lórí afárá Rhine ni ayé ti yí padà. Switzerland wà nínú àdéhùn Schengen láti ọdún 2008, nítorí náà wọn kì í sábà dá èèyàn dúró torí páásípọ́ọ̀tù. Ṣùgbọ́n kò sí nínú ìṣọ̀kan kọ́sítọ́ọ̀mù Yúróòpù, ẹrù sì ni wọ́n ń wò. Àpẹẹrẹ irin tí onímọ̀ ẹ̀rọ gbé dání gbọ́dọ̀ ní ìwé àkọọ́lẹ̀ tó fi hàn pé yóò padà síbi tó ti wá. ATA carnet ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀bùn tí owó rẹ̀ bá ju 150 owó faranki ilẹ̀ Switzerland lọ, a gbọ́dọ̀ sọ fún wọn. Ẹni tó bá gbé 10,000 owó yúrò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù náà gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fi máa ń kọ̀wé sí oníbàárà lálẹ́ àná pé, ẹ jọ̀wọ́, ẹrù wo lẹ máa gbé? Ìbéèrè náà dà bí àṣejù, títí di ọjọ́ tí kọ́sítọ́ọ̀mù bá ṣí bọ́ọ̀tì, tó bá wáìnì àti aago ọwọ́ mẹ́ta tí wọ́n dì sínú bébà aláràbarà.

Sítíkà Switzerland kò gba àwáwí: 40 faranki fún ọdún kan, kò sí ti ọjọ́ kan, kò sí ti ọ̀sẹ̀ kan. Láti 2023 ni wọ́n ti ń ta ti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìtanràn ẹni tí kò bá ní in jẹ́ 200 faranki, yóò sì tún ra sítíkà náà. Eré kò gbọ́dọ̀ ju 120 lọ lójú ọ̀nà márosẹ̀ wọn, kìlómítà kan péré lórí ìyẹn sì lè gba 20 faranki lọ́wọ́ èèyàn. Ẹni tó bá fi 21 sí 25 kọjá á san 260. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní owó ìtanràn lásán nìyẹn, ó ti di ẹjọ́. Àwọn dẹ́rẹ́bà Jámánì máa ń sọ pé ẹsẹ̀ àwọn máa ń fúyẹ́ bí wọ́n bá ti rí àsíá pupa alágbèélébùú funfun yẹn.

Nǹkan kékeré kan tún wà tó ń ya ògbóǹtarìgì dẹ́rẹ́bà sọ́tọ̀ lára ọ̀gbẹ̀rì nínú iṣẹ́ yìí. Láti oṣù Kẹfà 2017, ẹni tó bá ní láìnì fóònù alágbèéká ti orílẹ̀-èdè kan nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù lè lò ó níbikíbi nínú àjọ náà ní iye tó ń san nílé. Switzerland kò sí níbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá Rhine, dátà oníbàárà tó wà nínú ìpàdé orí fóònù lè gé, tàbí kí owó rẹ̀ fò sókè. Dẹ́rẹ́bà tó gbọ́n ti ní ẹ̀rọ Wi-Fi tó ní síìmù Switzerland nínú, ó sì ti tàn án láti Lustenau. Oníbàárà kò ní mọ̀ láé pé nǹkan kan fẹ́ bàjẹ́.

Ìgbà tí wọ́n bá dé Zurich tí oníbàárà sì sọ̀ kalẹ̀ ni ọ̀ràn òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ Jámánì lè gbé èrò láti Munich wá síbí, ó sì lè gbé ẹni kan náà padà sílé. Kò gbọ́dọ̀ gbé ẹnikẹ́ni láti igun kan ní Switzerland sí igun mìíràn, àní bí onítọ̀hún bá na owó sí i lójú. Nílé rẹ̀ ní Jámánì pẹ̀lú, òfin kò jẹ́ kó máa rìn kiri wá èrò. Òfin gbígbé èrò ibẹ̀ ya takisí sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀ àyálò tó ní dẹ́rẹ́bà: takisí lè dúró ní gáréèjì, wọ́n lè nawọ́ dá a dúró, ọkọ̀ àyálò gbọ́dọ̀ padà sí ibùjókòó ilé iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó bá já èrò, àfi bí wọ́n bá ti pè é láti ọ́fíìsì fún iṣẹ́ mìíràn kó tó délé. Faransé ní irú òfin bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní VTC. Ítálì náà ní tirẹ̀ láti 1992. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ wá fi kún un pé kí ọkọ̀ máa padà sí gáréèjì lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ilé ẹjọ́ òfin orílẹ̀-èdè wọn fagi lé e ní ọdún 2020, torí pé ìnira tó wà níbẹ̀ ju àǹfààní rẹ̀ lọ.

Àwọn onítakisí ló wà lẹ́yìn òfin wọ̀nyí, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi tán. Ẹni tó bá fi ọ̀pọ̀ owó gba àṣẹ láti dúró níwájú ibùdókọ̀ ojú irin kò ní fẹ́ kí ọkọ̀ dúdú olówó gọbọi wá gbé èrò mọ́ ọn lójú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó bí: lójoojúmọ́, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Yúróòpù, àwọn ọkọ̀ tó dára jù ń sáré lọ sílé láìsí èèyàn kankan nínú wọn. Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé àlọ ni ti ahun, àbọ̀ ni ti àna rẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, àlọ ni ti oníbàárà, àbọ̀ ni ti dẹ́rẹ́bà, owó àbọ̀ náà sì tún jẹ́ ti oníbàárà. Ẹni tó jókòó fún 310 kìlómítà ń san ti 620. Ìwé owó lè má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè pè é ní iye kan ṣoṣo láti ìlú dé ìlú. Kò sí ẹni tó ṣírò ìrìn yìí tí kò ka àbọ̀ mọ́ ọn.

Owó orí tún wà ńbẹ̀. Nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ibi tí kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ bá ti tẹ ilẹ̀ ni owó orí ìrìnnà èrò wà, bí kìlómítà bá ṣe pọ̀ tó ní ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ tó gbé èrò láti Frankfurt lọ sí Brussels á san ìdá 19 nínú 100 fún ibi tó gbà kọjá ní Jámánì, á sì san ìdá 6 nínú 100 fún ti Bẹ́ljíọ̀mù. Akọ̀wé owó ilé iṣẹ́ kékeré tó ní ọkọ̀ mẹ́rin péré lè lo àárọ̀ Ọjọ́ Ajé rẹ̀ látòkèdélẹ̀ lórí ìrìn mẹ́ta.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí àwọn dẹ́rẹ́bà mẹ́ta tó gbé Cleese. Fún bọ́ọ̀sì ńlá àti tírélà, òfin Yúróòpù tó jáde ní 2006 le bí irin: wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ nídìí ọkọ̀, lẹ́yìn náà ìsinmi ìṣẹ́jú 45, wákàtí mẹ́sàn-án lóòjọ́, ẹ̀rọ kan nínú ọkọ̀ sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ akérò kò bá gba ju èèyàn mẹ́sàn-án lọ, pẹ̀lú dẹ́rẹ́bà, òfin yẹn kò kàn án. S-Class kò kàn. V-Class tó ń gba èèyàn méje kò kàn. Òfin iṣẹ́ gbogbogbòò nìkan ló kù, èyí tó ní kí òṣìṣẹ́ ní ìsinmi wákàtí mọ́kànlá láàárín ọjọ́ kan sí èkejì, tí Jámánì sì fi wákàtí mẹ́wàá ṣe òpin iṣẹ́ ọjọ́ kan. Kò sí ẹ̀rọ tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ ọ̀gá ara rẹ̀, tó ní ọkọ̀ kan ṣoṣo, tó ń wà á fúnra rẹ̀, ta ló máa sọ fún un pé kó lọ sùn?

Ẹ ṣírò ọjọ́ tí à ń wò yìí. Dẹ́rẹ́bà jí ní aago mẹ́ta ààbọ̀, ó fọ ọkọ̀, ó gbéra ní aago mẹ́fà, ó dé Zurich ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú ogójì. Ká ní oníbàárà fẹ́ padà lọ́jọ́ kan náà, ìpàdé á parí ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, wọ́n á wọ Munich ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé láti oṣù Kẹsàn-án 2024 ni Jámánì ti dá àyẹ̀wò padà sí gbogbo ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀. Wákàtí mẹ́tàdínlógún ó lé nìyẹn lójú fífọ̀ọ́. Àwọn kan á sọ pé dídúró kì í ṣe iṣẹ́. Ẹni tó bá ti dúró de ọ̀gá rí mọ̀ pé irọ́ ni. Kò lè jìnnà sí ọkọ̀, torí ìpàdé lè tú láìròtẹ́lẹ̀. Kò lè jẹun tó ní àlùbọ́sà. Kò lè sùn wọra kí aṣọ rẹ̀ má baà rún. Ó ń wá ibi ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ nítòsí, ó sì ń ka iye ife kọfí tó ti mu.

Ilé iṣẹ́ tó mọyì ẹ̀mí máa ń ṣe ọ̀kan nínú ohun méjì. Wọ́n lè gba yàrá fún dẹ́rẹ́bà níbi tí wọ́n lọ, kí wọ́n fi owó rẹ̀ kún ti oníbàárà. Tàbí kí wọ́n rán dẹ́rẹ́bà kejì lọ fi ọkọ̀ ojú irin pàdé wọn, kó gba kọ́kọ́rọ́, kí ti àkọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú irin padà sílé. Bí oníbàárà bá rí owó dẹ́rẹ́bà kejì lórí ìwé tó sì ń kùn, èmi á ní kó rántí pé òun ló máa wà nínú ọkọ̀ nígbà tí oorun bá gbé ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú. Bí wọ́n bá pe iye tó kéré jù fún yín, ẹ béèrè ibi tí dẹ́rẹ́bà máa sùn.

Ní ti ohun tí dẹ́rẹ́bà ń gbọ́, ìyẹn náà jẹ́ iṣẹ́. Ó lè gbọ́ lóròòru pé ilé iṣẹ́ kan fẹ́ ra èkejì, kí ọjà ìpín ìdókòwò tó ṣí láàárọ̀. Bó bá sá lọ ra ìpín, ẹ̀wọ̀n ń dúró dè é, torí òfin tó de àwọn ọ̀gá tó mọ àṣírí náà de òun pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń mú wọn fọwọ́ sí ìwé pé wọn kò ní tú ọ̀rọ̀ oníbàárà. Àwọn tó pẹ́ nídìí rẹ̀ kì í tilẹ̀ dárúkọ oníbàárà fún ìyàwó. “Ti Zurich” ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé ìlú náà gan-an ló wọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa tó bó ṣe dà. Oníṣòwò tó ti Èkó wá pẹ̀lú físà Schengen tó wúlò fún ìgbà kan ṣoṣo lè gba Munich lọ sí Zurich láìsí wàhálà, torí abẹ́ àdéhùn kan náà ni wọ́n wà. Bó bá jẹ́ Paris sí Lọ́ńdọ̀nù ni, ọ̀tọ̀ ni físà Ìlú Ọba, físà Schengen ìgbà kan yẹn sì ti kú ní kété tó bá ti jáde ní Calais. Ìdí nìyẹn tí ọ́fíìsì ọkọ̀ fi ń béèrè àwòrán páásípọ́ọ̀tù. Kì í ṣe ìwọ̀sí. Àwọn ọmọ wa tó ń wa ọkọ̀ èrò ní Lọ́ńdọ̀nù náà sì lè gbé oníbàárà wọnú ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ òkun, níbi tí èèyàn ti ń jókòó sínú mọ́tò rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 35 láti Folkestone dé Calais. Bí wọ́n bá jáde, ọ̀nà ti bọ́ sí apá ọ̀tún, ìtọ́kọ̀ ṣì wà lápá ọ̀tún, fèrèsé ibi tí wọ́n ti ń gbowó ọ̀nà ní Faransé sì wà lápá òsì. Ẹni tí kò bá lẹ ẹ̀rọ ìsanwó mọ́ gíláàsì iwájú á sọ̀ kalẹ̀, á rìn yí ọkọ̀ po nínú òjò, nígbà tí ọ̀gá ń wò ó láti ẹ̀yìn.

Oníbàárà tiwa kò padà lọ́jọ́ yẹn. Zurich ló ti fẹ́ wọ bàálù lọ síbòmíràn lálẹ́. Dẹ́rẹ́bà já a sílẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú ogójì, ó gbé báàgì fún un, ó dúró títí ìlẹ̀kùn gíláàsì fi pa dé. Lẹ́yìn náà ó yí orí ọkọ̀ padà sí ọ̀nà tó gbà wá. Lustenau ti fúyẹ́, àwọn ọmọ ti wà ní iléèwé. Lójú ẹnubodè Jámánì, ọlọ́pàá kan bẹ̀rẹ̀, ó wo ìjókòó ẹ̀yìn tó ṣófo, ó nawọ́ pé kó máa lọ.

Ní Lindau, ó yà sétí adágún. Ó tú táì, ó bọ́ kóòtù, ó gbé búrẹ́dì tó dì láti ilé jáde, èyí tó ní àlùbọ́sà. Ó tẹ ọ́fíìsì láago: ṣé ẹnikẹ́ni wà ní apá ibí tó ń lọ sí Munich? Kò sí. Nígbà tó dìde láti gbọn èérún búrẹ́dì nù, ó rí gègé kan lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ó fi bébà wé e, ó kọ orúkọ sí i lára, torí pé ọ̀la ló máa fi ránṣẹ́. Ó fa ìjókòó iwájú padà sí àyè rẹ̀. Ó kù kìlómítà 180. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti aago mẹ́ta ààbọ̀ òru, ó tan rédíò.